Ọrun Tó Ń Tẹ̀ Dé Inú Àtẹ́lẹwọ́

Púpọ̀ nínú àwọn ọrun tí wọ́n fi ń díje káàkiri ayé lónìí ló jẹ́ pé apá méjèèjì nìkan ló ń tẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú le gbagidi; àwọn kan tiẹ̀ fi irin ṣe é. Èyí tí mo fẹ́ yìn níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó, bí tafàtafà bá sì ti ń fà á, kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó ń wòran. Apá òkè á tẹ̀, apá ìsàlẹ̀ á tẹ̀, àárín tó wà nínú ọwọ́ náà á sì tẹ̀ díẹ̀, débi pé ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi igi ṣe, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ wà tó gba kí ènìyàn mọ igi dénú tó báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ọrun bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, Portsmouth ni kó lọ, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 1545, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tó ń jẹ́ Mary Rose rì nítòsí ibẹ̀ níbi tó ti ń kojú àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun bò ó mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ yìí kan náà ló sì gba ohun tó wà nínú rẹ̀ là, nítorí afẹ́fẹ́ kò ráyè débẹ̀ kí igi tó jẹrà. Lẹ́yìn ọdún 437, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọdún 1982, wọ́n gbé ìyókù ọkọ̀ náà jáde. Lára ẹrù tí àwọn òmùwẹ̀ kó jáde nínú rẹ̀ ni ọrun tó lé ní 130 tó ṣì pé pérépéré, àti ọfà tó lé ní 3,500. Àwọn ọrun kan ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n tò wọ́n sí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọ ọkọ̀. Kó tó di ìgbà náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọrun ogun Gẹ̀ẹ́sì láti ayé ìgbàanì tí ojú ènìyàn tó.

Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun á dọ̀pá. Kò sí ọsán lára àwọn wọ̀nyí mọ́, ẹni tó bá sì ń wò wọ́n fìrí á rò pé ọ̀pá lásán ni lóòótọ́. Àmọ́ kí ó sún mọ́ ọn. Gígùn ọ̀pọ̀ wọn tó mítà méjì tàbí kó dín díẹ̀. Wọ́n nípọn jù láàárín, wọ́n sì ń tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ sí ṣóńṣó méjèèjì, láìsí ibi tí ojú ti lè sọ pé níhìn-ín ni ìdìmú ti bẹ̀rẹ̀, níhìn-ín ló parí sí. Kò sí awọ tí wọ́n wé mọ́ àárín. Kò sí ibi tí wọ́n gé fún ọfà láti gbé lé. Àmì kékeré tí agbẹ́run fi irin tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àárín ni ó kù tí ènìyàn lè fi mọ ibi tí ọwọ́ ń wà. Robert Hardy, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrun, wà lára àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò. Ìṣirò tí wọ́n ṣe, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì fà wò, fi hàn pé agbára tí yóò fa ọ̀kan nínú wọn dé òpin wà láàárín ìwúwo kílò 45 sí 84. Kí ẹni tó ń kàwé yìí ro ti àpò ìrẹsì kan, kílò 50, tí wọ́n so mọ́ okùn, tí ènìyàn ń fi ìka mẹ́ta péré fà títí okùn fi dé ẹ̀bá etí rẹ̀. Èyí tó rọ̀ nínú àwọn ọrun náà ni mo ṣì ń sọ yẹn.

Kí ló dé tí àárín fi ń tẹ̀? Ohun tí igi lè fara dà ni ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá fa ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú tó kọ sí ibi tí à ń ta ọfà sí, a máa nà. Ikùn rẹ̀, tó kọjú sí tafàtafà, a máa fún pọ̀. Igi tí a bá nà jù á ya. Èyí tí a bá fún jù, inú rẹ̀ á wó, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á sì dábùú ikùn ọrun. Ọrun bẹ́ẹ̀ ò níí pẹ́ láyé. Tí àárín bá le, apá méjèèjì nìkan ló máa ru gbogbo ìnira yìí. Tí àárín bá bá wọn tẹ̀, ìnira á kárí gbogbo gígùn igi, kálukú á sì gbé ìwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà ni ọrun tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ fi lè kúrú ju èyí tí àárín rẹ̀ le, kí a sì fa àwọn méjèèjì dé ibì kan náà láìséwu. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ agbẹ́run ń lò ni pé kí gígùn irú ọrun yìí má dín sí ìlọ́po méjì ibi tí a ó fà á dé, kí a wá fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó ń fa ọfà dé sẹ̀ǹtímítà 71 á gbẹ́ ọrun tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 165 sí 170. Bí ó bá fẹ́ kí àárín rẹ̀ le, á tún fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 kún un, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí àárín tẹ̀ tó ìyókù. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ agbẹ́run ti ń dùn mọ́ mi. Àárín ni ẹrù wúwo sí jù nígbà tí a bá fa ọrun, torí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn ju ibi yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi tó nípọn kò lè tẹ̀ tó igi tó fẹ́lẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ya. Ohun tí ìyẹn ń wí ni pé kí àárín tẹ̀, kó má tẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá tẹ̀ jù, ọrun á máa fò lọ́wọ́ tafàtafà, ikùn rẹ̀ á wó níbi ìdìmú, agbára tí ì bá bá ọfà lọ á sì ṣòfò. Bí kò bá tẹ̀ rárá, apá méjèèjì á máa jìyà ohun tí kì í ṣe tiwọn. Láàárín méjèèjì yẹn, ààyè tó wà kò ju fífá díẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ bí ààyè náà ṣe há tó. Fífẹ̀ igi àti nínípọn rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí o bá sọ fífẹ̀ ọrun di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí o bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ká wá gbà pé àárín ọrun kan nípọn ní mìlímítà 30, tí agbẹ́run sì fá mìlímítà 3 péré kúrò ní ikùn rẹ̀: ibẹ̀ ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú líle tó ní. Mìlímítà mẹ́ta! Ẹ̀bìtì tó wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó ń gbẹ́ ọmọlangidi tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó lè dín imú kù kó bá ẹnu mu. Ẹni tó ń gbẹ́ ọrun kò lè dá igi padà.

Igi wo ni wọ́n ń lò? Yew ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sípò kìíní. Bí a bá la igi yew, ojú á rí i pé oríṣi méjì ló wà nínú ẹyọ kan: funfun tó sún mọ́ èèpo, àti pupa rúsúrúsú tó wà nínú. Funfun náà ṣeé nà, kì í tètè ya. Pupa ṣeé fún, kì í tètè wó. Agbẹ́run á la igi náà lọ́nà tí funfun á fi di ẹ̀yìn ọrun, tí pupa á sì di ikùn rẹ̀. Ẹ̀dá ti so wọ́n pọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn tó kàn wọ́n. Yew tó bá hù ní orí òkè tí òtútù wà, tó dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni wọ́n ń wá kiri jù, èyí tó sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó wọn. Ní 1472, nígbà Ọba Edward Kẹrin, òfin jáde pé àwọn oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù wọlé láti àwọn ibi kan lókè òkun gbọ́dọ̀ mú igi ọrun mẹ́rin wá fún tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé yew ní Bavaria àti Austria títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wọn.

Kì í ṣe yew nìkan ló ń gba irú iṣẹ́ yìí. Àwọn Cherokee ní Amẹ́ríkà gbẹ́ ọrun tiwọn láti ara igi black locust, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì lo osage orange, igi kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì le koko. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbẹ́ ìwọ̀nyí tó ohun tí ènìyàn ń fara balẹ̀ wò. Lọ́dọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀. Agbẹ́run á kọ́kọ́ bó èèpo, á bó funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á wá yan òrùka ẹyọ kan nínú pupa, òrùka ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn ni ẹ̀yìn ọrun máa jẹ́ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ọ̀bẹ olójú gígùn tó ní èkù lọ́tùn-ún àti lósì ló ń lò, á máa fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Láàárín òrùka ọdún kan àti òmíràn, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí igi rẹ̀ rọ̀, tó ní ihò wínníwínní. Nígbà tí ọ̀bẹ bá dé ibẹ̀, ìró rẹ̀ máa ń yí padà: ó ti ń dún kerekere tẹ́lẹ̀, á wá máa ha wíríwírí. Ọwọ́ àti etí agbẹ́run ló ń sọ fún un pé òun ti dé orí òrùka tí òun ń wá. Bí òrùka náà bá wọ́ síhìn-ín, á wọ́ tẹ̀ lé e. Bí ó bá gorí kókó kan, á gba orí kókó náà kọjá, á fi igi díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká. Bí ó bá gé òrùka náà já níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọrun máa gbà ya lọ́jọ́ kan. Odidi ọ̀sán lè lọ sí orí ẹ̀yìn ọrun kan, ẹni tó bá ń kọjá kò sì ní rí ohun tó yí padà lára igi náà.

Igi gbọ́dọ̀ gbẹ pẹ̀lú. Omi tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ju bíi ìdá 10 nínú 100 lọ, ọrun á máa tẹ̀ láìpadà sípò. Ọ̀pọ̀ ń tọ́jú igi tí wọ́n ti là fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí ló kan iṣẹ́ tí mo kà sí olórí gbogbo rẹ̀: kíkọ́ igi náà láti tẹ̀. Wọ́n á ri òpó kan mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri, wọ́n á gbé àárín ọrun lé orí rẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ ọsán, okùn náà á gba inú púlì kan nísàlẹ̀ wá sí ọwọ́ agbẹ́run tó dúró lókèèrè. Ó ń fà, ó ń wò. Sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan ló ń fà á lákọ̀ọ́kọ́. Kò tíì wá agbára. Ìrísí títẹ̀ rẹ̀ ló ń wá. Ṣé apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ bákan náà? Ṣé ibì kan wà tó le ju ara yòókù lọ, tí kò fẹ́ dá sí i? Ṣé ibì kan wà tó ti fẹ́ ṣẹ́, tí gbogbo títẹ̀ ń kó ara wọn jọ sí? Ibi tó bá le ló máa fá. Ibi tó bá rọ̀ jù, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́; gbogbo ìyókù ọrun ló máa fá títí yóò fi bá ibẹ̀ dọ́gba.

Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ rú. Bí ó bá fẹ́ ọrun tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílò 25, kò gbọ́dọ̀ fi agbára tó ju kílò 25 fà á nígbàkígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 40 péré ló tíì tẹ̀. Á fá a, á tún fà á dé kílò 25. Á ti wá dé sẹ̀ǹtímítà 45. Á fá a, á tún fà á. Láàárín ìgbà kan sí ìkejì, á rọra fà á ní àfàtúnfà bí ìgbà 20 tàbí 30 kó tó wò ó, nítorí igi kì í sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fá níhìn-ín, tí kò dúró gbọ́ èsì, á fá kọjá ààlà kó tó mọ̀.

Ohun èlò kékeré kan wà tí wọ́n ń lò tó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Pákó kan ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n lu ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n ki pẹ́ńsù bọ ihò náà. Agbẹ́run á fa ọrun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á mú pákó náà, á rọra máa fà á lọ lórí ikùn ọrun. Níbi tí ọrun bá ti tẹ̀ dáadáa, àlàfo á wà lábẹ́ àárín pákó náà, pẹ́ńsù kò ní kan igi. Níbi tí ọrun bá ti le, tí kò tẹ̀, àlàfo á dín kù, pẹ́ńsù á fọwọ́ ba igi, á fa ìlà. Ìlà yẹn ni ibi tó kàn láti fá. Tí àárín ọrun bá jẹ́ èyí tó le, pákó náà á dúró kó tó dé ibẹ̀, torí kò sí ohun tó fẹ́ wọ̀n níbẹ̀. Ní ti ọrun tó ń tẹ̀ lọ́wọ́, pákó á gba àárín kọjá láìdúró. Ìlà pẹ́ńsù á máa wà níbi ìdìmú nígbà gbogbo, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, agbẹ́run sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlà tibẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lòun máa fá. Pákó kò lè bá a mọ ibi tí yóò ti jáwọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló lè sọ.

Apá méjèèjì kò tiẹ̀ dọ́gba pátápátá. Ọfà ń gba òkè ọwọ́ kọjá, ọwọ́ sì ń wà lábẹ́ rẹ̀, torí náà ìwọ̀n ẹrù tó ń bọ́ sórí apá ìsàlẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òkè. Púpọ̀ agbẹ́run á fi apá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó le díẹ̀ ju ti òkè lọ. Roger Ascham, tó gbé ìwé rẹ̀ Toxophilus jáde ní 1545, ọdún tí Mary Rose rì gan-an, tó sì fi í ta Ọba Henry lọ́rẹ, gba ẹni tó bá ra ọrun tuntun nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ máa fi ta ọfà ná, kó wá gbé e padà lọ bá agbẹ́run, kó gé e kúrú díẹ̀, kó sì fá a títí yóò fi tẹ̀ yípo níbi gbogbo. Ó mọ̀ pé ọrun kò tíì parí lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Ẹni tó ń fi í ta ọfà wà lára àwọn tó ń parí rẹ̀.

Títa rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Orí ọwọ́ ni ọfà ń gbé lé, lórí oríkèé ìka àkọ́kọ́ tàbí àtàǹpàkò, ìyẹ́ ìdí ọfà sì máa ń ha ọwọ́ náà bó ti ń kọjá. Àwọn tafàtafà máa ń fi òwú wé ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹ́ náà mọ́lẹ̀ kó má baà gé wọn. Ọrun fúnra rẹ̀ dúró sí ojú ọ̀nà ọfà, kò sí ibi tí wọ́n gé fún un láti gbà, ọfà gbọ́dọ̀ yí i ká kó tó lọ tààrà. Báwo ló ṣe ń yí i ká? Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Hickman, fi kámẹ́rà tó ń yára gan-an ya ọfà níbi tó ti ń kúrò lára ọrun. Àwòrán náà fi hàn pé ọfà ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì, ó ń rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá láìfi ìdí gbá a, kó tó nà tán nínú afẹ́fẹ́. Bí ọfà bá le jù, á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá rọ̀ jù, á ya sí èkejì. Ọrun tó dára tí ọfà rẹ̀ kò bá a mu kò ní ba ohun tí wọ́n ń ta.

Ìdìmú ni nǹkan tó ṣòro jù fún ẹni tó bá ti ìdí ọrun tí wọ́n fi irin ṣe ìdìmú rẹ̀ wá. Bí àárín ọrun bá le, tí ọwọ́ sún sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, ọrun kò ní bínú. Bí àárín bá ń tẹ̀, ọwọ́ wà lórí ibi tó ń ṣiṣẹ́. Bí ìdí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ ìsàlẹ̀ ìdìmú jù lónìí, tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́la, ìwọ̀n tó wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ á yí padà, ọfà á gbé ibòmíràn lọ. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ojú kan náà, pẹ̀lú ìfún kan náà, ní gbogbo ìgbà. Mo fara mọ́ ọn pé ó nira. Mo sì tún mọ̀ pé òun ló ń sọ tafàtafà di ẹni tó ń fetí sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Bákan náà, ọrun igi kò fẹ́ kí wọ́n fà á kí wọ́n wá dúró máa rò ó. Bí ó bá ti dé òpin, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan lórí ìfà ń mú kí igi sùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí gba títẹ̀ tí kò ní padà. A kì í jọ̀wọ́ ọsán lásán láìsí ọfà lórí rẹ̀, torí agbára tí ọfà ì bá gbé lọ á padà sínú igi, ó sì lè fọ́ ọ. Tí eré bá parí, a máa ń bọ́ ọsán kúrò. Ẹni tó bá fi ọsán sílẹ̀ lórí ọrun igi mọ́jú ti ń jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ti agbára ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù Hugh Latimer, nígbà tó ń wàásù níwájú Ọba Edward Kẹfà ní 1549, sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní ọfà títa nígbà èwe: ó ń ra ọrun fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀, ó ń fi èyí tó le jù kún un bó ti ń dàgbà, ó sì kọ́ ọ láti fi gbogbo ara wọ inú ọrun, kì í ṣe kó fi apá nìkan fà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú egungun pẹ̀lú. Lára òkú àwọn atukọ̀ Mary Rose tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí egungun èjìká kan tí kò so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ tán lára àwọn púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ọrun líle tí wọ́n ń fà láti kékeré ló fà á.

Nígbà tí ìbọn gba ojú ogun, tí ọfà títa di eré ìdárayá àwọn ọlọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú kí àárín ọrun le. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àárín tó le kì í fò lọ́wọ́, ó ń mú kí ọfà ba ojú kan náà léraléra, ẹni tó sì ń lépa ẹ̀bùn nínú ìdíje, mo gbà á nímọ̀ràn pé òun ni kó lò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún mi pé èyí tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò tíì mọ̀. Ó gba ìmọ̀ púpọ̀ jù. Ẹni tó mú kí àárín le ti mú ìṣòro kan kúrò lọ́nà. Ẹni tó jẹ́ kó tẹ̀ gbé ìṣòro náà mì, ó sì yanjú rẹ̀.

Nílẹ̀ Áfíríkà, irú ọrun yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn Hadza tó ń gbé lẹ́bàá adágún Eyasi ní Tanzania ń fi í dọdẹ títí di òní. Igi wọn róbótó, ó ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó méjèèjì, ó sì ń tẹ̀ kárí. Iṣan ẹran ni wọ́n ń lọ́ ṣe ọsán. Wọ́n ń fi oró kun irin ọfà kan, wọ́n sì ń rí oró náà lára àwọn igi kan nínú igbó wọn. Ọmọkùnrin wọn kì í dàgbà kó tó mọ ọrun: ó ti ń gbé kékeré kiri kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹran ńlá. Ọrun àgbà wọn máa ń gba agbára tó sún mọ́ ìwúwo kílò 30. Wọn kò kọ ìwé kankan lórí bí àárín ṣe yẹ kó tẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ burúkú kò ní bá wọn pa ẹran, ìyẹn sì ti tó ní ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ọrun àti ọfà ni ohun ìjà rẹ̀. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pe àmì rẹ̀ ní ofá: ọrun àti ọfà tí wọ́n rọ papọ̀ ní ẹyọ irin kan. Ní Cuba náà, ọrun onírin kékeré wà nínú ohun èlò Ochosi, tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ohun èlò Ògún. Nílé ńkọ́? Ìgbà tí ogun Kírìjì fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ti gba ojú ogun lọ́wọ́ ọrun, ó sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa pẹ̀lú. Apó, ọsán, ọfà, orúkọ gbogbo wọn ṣì wà lẹ́nu wa nínú òwe. Ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọrun náà ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí sí ẹni tó bá ń kàwé yìí. Bí ọdẹ àgbà kan bá wà ní ìlú yín, tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ọrun rí tàbí tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ ẹ rí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìtàn ogun nìkan lẹ ó bi í. Ẹ bi í léèrè irú igi tí wọ́n ń gé, àkókò wo nínú ọdún ni wọ́n ń gé e, bí wọ́n ṣe ń mú un gbẹ, kí ni wọ́n fi ń ṣe ọsán. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbẹ́ ọ̀kan lójú yín, kí ẹ sì fi fóònù yín ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ó bá dé ibi ìdìmú, tó fá a díẹ̀, tó fà á wò, tó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ó tó.